Táyà Abẹ́ Lọ́rì Agolo

Ọlọ́dà tí à ń wí yìí, mọ́tò ló máa ń kùn. Mọ́tò tó bá ti forí gbági, tó bá kùn ún tán, ẹni tó ni ín gan-an á kọjá lára ẹ̀, kò ní dá a mọ̀. Ó máa ń yangàn díẹ̀, kò sì burú, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni là ń fi yangàn.

Ohun tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú ò pọ̀: òòlù kan, àga kan tó ń mì, àti lọ́rì kékeré tó fi agolo mílíìkì kàn. Ojú fèrèsé ìyá ẹ̀ ni lọ́rì ọ̀hún ń gbé. Ó ti dípẹtà. Ọlọ́dà wò ó títí, ó ní ìyà ń jẹ nǹkan yìí. Ló bá gbé e lọ síbi iṣẹ́ láì sọ fún ìyá. Ó fi bébà yanrìn ha á, ó kùn ún ní pupa, ó sì fi táyà tuntun sí i.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé e dé, ẹnu ẹ̀ ò pa dé. Ìyá gbà á, ó dojú ẹ̀ dé, ó ń fọwọ́ wá abẹ́ ẹ̀.

"Táyà ẹ̀ dà?"

"Mo ti pààrọ̀ ẹ̀, Ìyá. Èyí á yí dáadáa."

"Èyí tó wà níbẹ̀ ni mo ní ó dà, ọkọ mi."

"Rọ́bà bàtà tó ti jẹ ni. Mo ti dà á nù."

Ìyá wá àga fìdí lé.

"Bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni. Ibà ló pa á, kó tó di pé a bí ọ. A kó gbogbo ẹrù ẹ̀ fún èèyàn, bàtà yẹn ló ṣẹ́kù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bàbá rẹ gé e ṣe táyà lọ́rì tó kàn fún ọ. Ó ní ẹni tí ò rìn pẹ́, kó máa bá àbúrò ẹ̀ rìn."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fọ́mọ tó ń ṣeré?"

Ẹsẹ̀ Ọlọ́dà ò kanlẹ̀ títí tó fi débi iṣẹ́. Màmá kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ń dáná sun ìdọ̀tí lọ́wọ́. Ọlọ́dà sọ fún un pé òun ń wá táyà tóun dà nù.

"Ọ̀gá Ọlọ́dà, ẹni tó da nǹkan nù tún máa ń wá a?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi pa iná yẹn."

Màmá agbálẹ̀ rí ojú ẹ̀, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó da omi sí i. Ọlọ́dà kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tú eérú gbígbóná. Ó rí ọ̀kan, ó rí èkejì, ó rí ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ti yọ́ mọ́ ìdí agolo ọ̀dà.

Nígbà tó délé, ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i. Ó fẹ́ fi tuntun kan rọ́pò ẹ̀kẹrin, ìyá ẹ̀ di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kò ní lè dúró gún, Ìyá."

"Àwa náà ò dúró gún."

Ìyá gbé e padà sójú fèrèsé. Lọ́rì náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọlọ́dà wo ibi tó tẹ̀ sí, kò sì wá nǹkan kan fi tì í.