Ẹyin Aràn Kì í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń wo ìgbẹ́ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ilé ẹ̀kọ́ kankan kò kọ́ mi. Gíláàsì ni mo ń fọ̀ ní láàbù wa, mo sì ń yọjú wo ohun tí àwọn ọ̀gá ń wò títí ojú mi fi là sí i. Ojú-Àwòdì ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni mo mú àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, wọṣẹ́. Èmi náà ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ẹyin aràn.

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Kòkòrò Afòmọ́ ti orílẹ̀-èdè wa kọ̀wé pé àwọn ń wá ẹnì kan tí yóò máa lọ láti láàbù dé láàbù, tí yóò máa kọ́ni ní kíka ẹyin aràn kí iye gbogbo wa lè bára mu, mo ti ra bàtà tuntun. Àfi bí ọ̀gá ṣe fi orúkọ àbúrò mi ránṣẹ́. Mo kí i kú oríire, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹ̀yìn eyín ni mo rín.

Ẹgbẹ́ rán ìyá àgbà kan, ọ̀jọ̀gbọ́n, wá dán an wò. Òfin wọn ni pé bí ẹnì kan bá ka gíláàsì kan tán, ẹlòmíràn yóò tún un kà láìmọ iye tí ẹni àkọ́kọ́ rí. Bí iye méjèèjì bá jìnnà síra, orúkọ yẹn bọ́ nìyẹn. Èmi ni wọ́n ní kí n tún ti àbúrò mi kà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. A óò sẹ́ ìgbẹ́, a óò tẹ̀ ẹ́ sórí gíláàsì, a óò wá fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ bíi náílọ́ọ̀nù tí a ti rẹ sínú gilisẹríìnì bò ó. Gilisẹríìnì yóò sọ ìdọ̀tí di gaara bí omi, ẹyin yóò sì hàn. Ṣùgbọ́n ẹyin aràn oníwọ̀, aràn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu, ìkarahun rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí wákàtí kan bá kọjá, òun náà á di gaara, á sì pòórá. Ẹyin aràn gbọọrọ ní tirẹ̀ kì í lọ síbì kankan.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gba gíláàsì, mo gbé e kalẹ̀, mo lọ ń nu lẹ́ńsì. Mo tún àga mi ṣe. Mo jẹun.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tíì kà á?" ni àbúrò mi bi mí.

"Ṣé wọ́n ń lé ọ bọ̀ ni? Iṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni."

Lẹ́yìn wákàtí méjì, mo kà á: aràn gbọọrọ, mọ́kànlélógójì; aràn oníwọ̀, òdo. Mo kọ aago irọ́ sí i.

Ìyá àgbà gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ojú-Àwòdì, ó rí aràn gbọọrọ mọ́kànlélógójì. Ìwọ náà rí mọ́kànlélógójì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹyọ kan ò bọ́ mọ́ ọ lójú. Ó wá rí ti oníwọ̀ méjìdínlógún, ìwọ ò rí nǹkan kan. Ojú tó mú báyìí, kí ló dí i?"

Ká ní mo kà á bí ọ̀lẹ ni, ǹ bá rí ibi sá sí. Ọwọ́ ara mi ló mú mi.

"Aago mélòó lo kà á?"

Mo sọ òótọ́. Àbúrò mi kò wò mí.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kó má kọjá wákàtí kan," ló sọ jẹ́jẹ́.

Ìyá àgbà ní ká ṣe gíláàsì mìíràn, kí a kà á lójú òun. Àbúrò mi kọ iye tirẹ̀, ó da ìwé dé. Ó kàn mí. Kò sẹ́ni tó lè bá mi wo inú maikirosíkóòpù. Mo lè pe iye tó bá wù mí. Oníwọ̀ mọ́kànlélógún ni mo rí. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ṣí ìwé àbúrò mi: mọ́kànlélógún.

Wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo buwọ́ lù ú. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni àbúrò mi gbéra. Ó dá mi lójú pé yóò kọ́ wọn dáadáa, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí.