Ọlọ́pàá Wá Béèrè Màmá ní Òkè-Àgbò

Ọlọ́pàá kan ló sọ fún mi pé ìyá mi kì í gbé inú ilé tí wọ́n ti bí mi. Kingsley lorúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó ní òun fúnra òun dé àdúgbò wa ní Òkè-Àgbò, òun béèrè níwájú ilé, òun béèrè ní òdìkejì títì, gbogbo wọn ní àwọn kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí, mi ò lè buwọ́ lu ohun tí mi ò rí," ó ní.

Inú bí mi gan-an. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, tó ń fi hàn pé èèyàn kò dáràn rí àti pé ibi tó kọ sílẹ̀ ló ń gbé, nìkan ló kù kí Màmá tó lọ ṣe íntáfíù físà. Ẹ̀gbọ́n mi, Ernest, ló fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Amẹ́ríkà, torí Màmá kò tíì fojú kan ọmọ Ernest kankan àfi nínú fóònù, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò sì fara balẹ̀ mọ́. Bí ọjọ́ íntáfíù bá kọjá láìsí ìwé náà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé Màmá lè má dúró dè é.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í polongo ìrìn-àjò. Ìgbà tí bàlúù bá ti fẹ́ gbéra là ń pe ará ilé. Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sọ fún àlùfáà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì pàápàá. Ọjọ́ tí a lọ tẹ̀ka fún ọlọ́pàá nítorí ìwé náà, ìdájí la jáde. Nígbà tí a padà délé, íǹkì ṣì dúdú lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ ìró bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ìbíkẹ́ ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ ni, ó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa, Màmá ló sì kọ́ ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Bírò ló bẹ́ sí mi lọ́wọ́," Màmá ní.

Láti ọjọ́ náà ni Ìbíkẹ́ kò ti wo ojú wa tààrà mọ́.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Láti Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ni mo ti ń wakọ̀ bọ̀ wálé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Kingsley, tí mo sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ Ìbíkẹ́ fún ara mi. Mo ti rí òun àti Wàsíù fọkanáísà, tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí mo ṣe yọ ni wọ́n dákẹ́. Mo ti rí i tó ń gbé ẹní àti bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, tí kò sọ ibi tó ń lọ. Ó ti gbọ́ nípa físà, ó sì fẹ́ bà á jẹ́. Ta ló máa ń fẹ́ kí ìyá ẹlòmíì wọ bàlúù?

Mo bá a nídìí ẹ̀rọ. Mi ò kí i.

"Ìwọ lo sọ fún ọlọ́pàá pé o ò mọ ìyá mi?"

Kò sẹ́. Ó wo títì sọ́tùn-ún sósì, ó fà mí wọ inú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, Àǹtí Rẹ̀mí. Èmi ni. Mo ní méè mọ orúkọ yẹn, pé ẹni tó ni ulé yìí ń gbé l'Ékòó. Mo ní kí Wàsíù náà sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló gbè é."

"Kí la ṣe fún ọ?"

"Mo rí íǹkì lọ́wọ́ Màmá. Irú ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ bọ̀dá mi nígbà tí ọlọ́pàá tì í mọ́lé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Méè béèrè ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tó kọ́ mi ní á-bí-dí, kí ni mo fẹ́ béèrè? Mo ti tún yàrá kan ṣe ní ulé ìyá mi n'Ílápòrú, mo ti gbé ẹní lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọn á wà títí ọ̀rọ̀ á fi tutù."

Ojú tì mí, mo sì jókòó sórí aṣọ oníbàárà láìmọ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ kọ́, Ìbíkẹ́," ó ní. "Amẹ́ríkà ni. Ernest ló ní kí n máa bọ̀."

Ìbíkẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó pàtẹ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìgbà tí Màmá máa padà dé. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìró rẹ̀ ró.

"Ìgbà wo wá lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Màmá wo èmi, èmi wo ilẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé láti pápákọ̀ òfurufú la máa ti pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbíkẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sẹ́yìn mọ́tò mi. Ẹni tó parọ́ fún ọlọ́pàá mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí òun, síbẹ̀ ó ń lọ. Ojú fèrèsé ló ń wò títí a fi dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ó jẹ́wọ́ fún Kingsley lórí ìdúró. Kingsley bá a wí díẹ̀, ó fa ìwé sún mọ́ra.

"Ṣé ẹ mọ obìnrin yìí dáadáa?"

Ìbíkẹ́ wo Màmá títí Màmá fi gbé ojú kúrò.

"Inú ọgbà kan náà la wà," ó ní. "Ẹ kọ ìyẹn nìkan."

Kingsley kọ ọ́. Ìyẹn náà sì ni gbogbo ohun tí físà ń béèrè.