Mọ́tò Tó Fì Sápá Kan

Ìyá oníbúrẹ́dì fọ mọ́tò àtijọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó wà á lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò mọ́tò, kó lè fi mọ́tò náà àti owó ọwọ́ rẹ̀ gba tuntun. Oníṣòwò náà ti pe iye kan fún un tẹ́lẹ̀; bó bá gé e, owó kò ní tó.

"Màmá, mọ́tò yín fì sósì," ni oníṣòwò náà wí. "Ẹrù búrẹ́dì ti pa sípíríǹgì rẹ̀. Ìdajì iye tí mo pè ni mo máa fi gbà á."

Ìyá wo ilẹ̀. Ó yí mọ́tò padà sójú ibi tó wà, ìdí níbi tí orí wà tẹ́lẹ̀. Mọ́tò fì sọ́tùn-ún.

"Ọmọ mi, ṣé búrẹ́dì ti sún ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ wa ló dagẹ̀rẹ́, Màmá."

Ó san iye tó kọ́kọ́ pè, ìyá sì wa tuntun lọ kó búrẹ́dì.