Ìbéèrè Ìyá Onísìmẹ́ńtì

Àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì náà fún akápò wọn lórúkọ tí kò sí nínú fáìlì kankan. Màmá Kò-Sówó ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kí èèyàn tó la ẹnu tán ni obìnrin náà ti máa ń dáhùn pé, "Kò sówó." Ó mọ orúkọ náà dáadáa. Ó ti gbọ́ ọ rí nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, níbi tí akọ̀wé méjì ti ń sín ohùn rẹ̀ jẹ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Kò bá wọn jà. Ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ àpótí mú kò lè máa retí pé kí gbogbo ayé fẹ́ràn òun.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń sọ yìí, ẹ̀fẹ̀ náà di òótọ́ pọ́ńbélé. Yunifásítì aládàáni ni. Owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san ni wọ́n fi ń jẹun, ilé-ẹ̀kọ́ méjì mìíràn tí owó wọn kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ sì ti ṣí sí ojú títì kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ dín kù sí ìdajì. Bàbá tó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, tó máa ń fi owó ara rẹ̀ dí ihò nígbà ayé rẹ̀, ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé bàbá àwọn ló fẹ́ràn ìwé, pé àwọn kò bá a dá a sílẹ̀. Gbólóhùn tí bàbá náà fi sílẹ̀ nìkan ló ṣì wà lára ògiri gbogbo ọ́fíìsì, nínú férémù: OHUN TÍ A KÒ TÍÌ MỌ̀ NI À Ń WÁ NÍBÍ. Ti ọ́fíìsì akápò wà lókè orí rẹ̀, ó kọjú sí àlejò. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí akápò fúnra rẹ̀ ti kà á gbẹ̀yìn.

Oṣù mẹ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ kò ti gba owó oṣù. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ kò ráhùn, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé láàárọ̀. Nígbà tí akápò bi í, ó ní ẹsẹ̀ lòun ń fi rìn wá báyìí, wákàtí kan àti ààbọ̀, kí mà má bínú. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ dáadáa lọ́nà ọ̀fun akápò mọ́.

Owó kan wà o. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí kọ̀ǹpútà ló ń rí i, ó jókòó jẹ́ẹ́ sí báǹkì, ó tó san oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n yunifásítì kọ́ ló ni ín. Ìbéèrè ìyá kan ló ni ín.

Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ni ìyá náà wá. Sìmẹ́ńtì ló ń tà, ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, àwọn agbẹ́rù rẹ̀ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àkọ́bí rẹ̀ ń lé bọ́ọ̀lù kiri nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, èkejì ń gun àtẹ̀gùn ilé-ìwé, òun náà ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bákan náà ló ṣe lọ. Dókítà ní ọkàn wọn ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, òun kò mọ ìdí. Àwọn ará ilé ọkọ ní àwọn mọ ìdí, pé láti ara ìyá wọn ni. Ọkọ rẹ̀ kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó kàn kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin àbígbẹ̀yìn nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn ikú èkejì, Ìyá Onísìmẹ́ńtì ta ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kó owó náà tọ bàbá tó dá yunifásítì sílẹ̀ wá, ó ní òun gbọ́ pé ohun tí ẹnì kankan kò mọ̀ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Akọ̀wé kékeré ni akápò nígbà yẹn. Òun ni wọ́n ní kó tẹ lẹ́tà náà, ìyá sì ní kó kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an, kó má fi iyọ̀ sí i: "Ìbéèrè yìí ló ni owó yìí: kí ló pa àwọn ọmọ mi, ṣé láti ara mi ló ti wá? Ọjọ́ tí ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ sọ fún mi. Ìyókù owó di tiyín."

Ọkùnrin tí wọ́n gbé ìbéèrè náà lé lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ọkàn. Kì í ṣe pé ó dàgbà, orí rẹ̀ ló pá. Ọkàn èèyàn ló sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ń yẹ̀ wò. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó gba ti ọmọbìnrin náà, ó gba ti àwọn ìdílé mìíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ó kó wọn sínú fíríìjì ńlá méjì. Ibẹ̀ ni akápò lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù kan nínú fáìlì.

"Bàbá Ọkàn, ibo lẹ bá iṣẹ́ yìí dé?"

"A ti dé ẹnu ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n. Ó ku bí ọdún méjì."

"Lọ́dọọdún ló máa ń ku ọdún méjì."

Bàbá Ọkàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwádìí kì í ṣe ilé téèyàn lè ka búlọ́ọ̀kù ẹ̀. Ohun tá ò mọ̀ là ń wá. Tá a bá ti mọ ọjọ́ tá a máa rí i, a ti mọ̀ ọ́n nìyẹn."

"Àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́," ni akápò wí. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú rẹ̀. Ìlà méjì péré ló wà níbẹ̀: Ìwádìí ti parí. A ti rí ìdáhùn. "Lọ́yà ní tẹ́ ẹ bá ti buwọ́ lu èyí, owó náà di ti ilé-ẹ̀kọ́. Tẹ́ ò bá buwọ́ lù ú, a máa ti ilẹ̀kùn kí ọdún tó parí, fíríìjì yín náà á sì kú. N ò wá fipá mú yín o."

Bàbá Ọkàn yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n kọ ìdáhùn ọ̀hún sí?"

Akápò wò ó. Kò sí àyè fún un. "Wọn ò béèrè ìyẹn," ló sọ.

Bàbá Ọkàn buwọ́ lù ú, ó sì dá pẹ́ẹ̀nì padà fún un láìwo ojú rẹ̀.

Owó oṣù jáde. Lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ń kí akápò ní ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé méjì ọjọ́sí tilẹ̀ bá a gbé báàgì. Obìnrin agbálẹ̀ tètè dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ta fíríìjì kan, wọ́n yọ wáyà èkejì, wọ́n sì ní kí Bàbá Ọkàn lọ máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ó fi ìwé ìparí kan ránṣẹ́ sí akápò. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn sọ pé ó jọ pé ọ̀nà ìyá ni àrùn náà ń gbà wọ ọmọ, ṣùgbọ́n òun kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Akápò kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Lọ́yà ní ó kù kí wọ́n sọ fún ìyá náà lórí ìwé, kí ọ̀rọ̀ lè fìdí múlẹ̀ lábẹ́ òfin. Akápò kọ lẹ́tà ìlà mẹ́ta sí i, pé wọ́n ti rí ìdáhùn. Lọ́kàn rẹ̀, ó rò pé arúgbó yóò gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, yóò sì fi í pa mọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìyá náà wọlé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ti rù, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tuntun. Ó jókòó sórí àga àlejò, ó gbé lẹ́tà náà lé itan.

"Mo ti wá gbọ́ ọ," ló wí.

Akápò ní Bàbá Ọkàn ń kọ́ni lọ́wọ́, pé bóyá kí Màmá padà wá lọ́la.

"Ìwọ lo kọ lẹ́tà mi ìjọ́sí. Mi ò gbàgbé ojú ẹ. Ìwọ náà lo kọ èyí. Sọ ọ́ fún mi, ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kó gùn, mi ò mọ̀wé." Ó rọra tẹ̀ síwájú. "Ṣé èmi ni?"

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí akápò tó mọ̀ pé òun la ẹnu. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ìyá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì sunkún láìpariwo, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n. Akápò wo ẹsẹ̀ tábìlì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé irọ́ tó bá nu ojú arúgbó nù, Ọlọ́run yóò fojú fò ó.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ni ìyá náà wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń wo ọwọ́ ara mi." Ó nu imú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fóònù nínú báàgì. "Jẹ́ kí n pe àbúrò wọn. Ó ti lọ́kọ láti ọdún mọ́kànlá, kò gbà láti bímọ. Ó ní òun ò ní bí ọmọ tí òun máa sin, pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sọ pé kì í ṣe láti ara mi lòun máa tó bí. Ó ti pé ọdún méjìdínlógójì. Láàárọ̀ yìí, ó ní òun ò lọ síbi iṣẹ́, òun máa jókòó ti fóònù."

Akápò dìde, ó yí tábìlì ká, ó jókòó sórí àga kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, ó sì di ọwọ́ tó mú fóònù mú.

"Màmá, ẹ dúró. Ẹ má tíì pè é."

Férémù wà níwájú rẹ̀ báyìí, ó sì kà á láìfẹ́ kà á. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní wọn kò tíì mọ̀. Ó ní ó lè jẹ́ láti ara ìyá náà, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ọdún méjì ni Bàbá Ọkàn ní ó kù. Ó ní wọ́n ti ta fíríìjì.

"Owó yẹn ńkọ́?"

"A fi san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, Màmá. Ó ti tán."

"Ṣé wọ́n jẹun?"

"Wọ́n jẹun, mà."

Ìyá Onísìmẹ́ńtì mi orí. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi náà sanwó fún agbẹ́rù rí, mo mọ ojú ẹni tí ebi ń pa. Ká ní ẹ wá bá mi ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ mú ìdajì, kẹ́ ẹ fi ìdajì wá ohun tó pa ọmọ mi." Ó ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin. "Ilé ìbéèrè lẹ pe ibí. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó lè bi mí ní ẹyọ kan."

Fóònù dún lọ́wọ́ wọn méjèèjì. Ọmọbìnrin náà kò lè dúró mọ́. Ìyá rẹ̀ wo fóònù náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ló gbé e sétí.

"Rárá, ọmọ mi. Àṣìṣe ló wà nínú lẹ́tà yẹn. Wọn ò tíì rí i." Ó tẹ́tí. "Wọ́n ṣì ń wá a dáadáa. Mo wà lọ́dọ̀ wọn báyìí, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní ó ku ọdún méjì péré."

Akápò gbọ́ ohùn inú fóònù náà, ohùn tó rọra ń ṣírò.

"Màmá, mo máa ti pé ogójì ọdún nígbà yẹn."

"Mo mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.