Ìrẹsì Tí Màmá Jẹ

Ẹ̀rù ti ń ba tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan kí ọ̀rọ̀ ìrẹsì tó dé rárá. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, tó jẹ́ àgbẹ̀ ọ̀dùnkún, ṣàkíyèsí pé ewé oko òun ń pọ́n kó tó tó àkókò, èyí tó sì wú jáde kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò, fa ìdí ọ̀dùnkún kan tu, ó fọ gbòǹgbò rẹ̀ sínú abọ́. Hóró wínníwínní, bí orí abẹ́rẹ́, lẹ̀ mọ́ ọn pítípìtì.

"Kí nìyẹn?"

"Aràn ni, Bọ̀ọ̀dá. Abo aràn tó ti kú ni hóró kọ̀ọ̀kan, ẹyin ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó máa retí kẹ́ ẹ gbin òmíràn."

Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Oko yẹn ni gbogbo ilé ń jẹ.

Nígbà tí àkókò gbíngbìn tún kù díẹ̀, àbúrò gbé àwọn ọ̀rá kan wá láti ibi iṣẹ́. Ìrẹsì bíbọ̀ ló wà nínú wọn, ohun funfun bí òwú sì ti hù bò ó. Ó ní ìbátan olú ni, pé tí wọ́n bá pò ó mọ́ ilẹ̀, á wọ inú ẹyin aràn, á sì jẹ ẹ́ tán. Ó kó wọn sínú fìríìjì, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n. Kò sọ fún Màmá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wọ ilé ìdáná, ó bá ìyá wọn, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, nídìí tábìlì. Oúnjẹ inú abọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀rá kan wà nílẹ̀, ó ti ya.

"Màmá, níbo lẹ ti rí ìrẹsì yẹn?"

"Nínú fìríìjì ni. Ó ti ń bu díẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo tún un sè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kàn ń fi oúnjẹ ṣòfò."

Àbúrò figbe ta, ẹ̀gbọ́n sáré wọlé, ó rí ọ̀rá tó ya náà.

"O ní apani ni!"

"Aràn ni mo ní ó ń pa!"

"Ṣé ó wá dá ọ lójú pé kò ní í pa èèyàn?"

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń sáré lọ sọ́sibítù, Màmá di ikùn mú, ó bì. Àbúrò pe ọ̀gá rẹ̀.

"Iná á ti pa ohun tó wà láàyè níbẹ̀," ọ̀gá sọ. "Ṣùgbọ́n a ò fún èèyàn jẹ rí. Tí nǹkan mìíràn bá ti bá a hù nínú ọ̀rá, mi ò lè búra. Ẹ jẹ́ kí dókítà máa ṣọ́ wọn."

Wọ́n jókòó síwájú yàrá àyẹ̀wò. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, àbúrò á dìde. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí dókítà tó jáde: ẹ̀jẹ̀ dára, ẹ̀dọ̀ dára, inú rírun náà ti rọlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀gbọ́n ní òun máa sun ọ̀rá tó kù níná.

"Ta ló jẹ ẹ́, èmi àbí ìwọ?" Màmá bi í. "Kó o lọ sóko. Aràn ò ní dókítà tirẹ̀."

Wọ́n pò ó mọ́ ilẹ̀. Nígbà ìkórè, ọ̀dùnkún wú tó ìkúùkù, àfi igun oko kan tí kò ṣe dáadáa. Àbúrò yẹ hóró aràn wò: fọ́nrán funfun ti wọ inú ọ̀pọ̀ ẹyin, ó ti bà wọ́n jẹ́, díẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, inú àbúrò náà sì dùn. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí àbúrò bá wà níbi iṣẹ́, tí fóònù sì dún láti ilé, kì í tètè gbé e. Á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.