Ààlè Ara Igi Ọsàn

“Ẹ ká a, ẹ jẹ́ ká ráyè sinmi!” Ìyá Tòkunbọ̀ ló ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. “Ọ̀la ni Ìkórè, Bàbá Tòkunbọ̀. Ṣé agbọ̀n òfìfo lẹ fẹ́ gbé lọ síwájú pẹpẹ ni?”

Ọlábánjí ọkọ rẹ̀ ló ń bá wí. Ó dúró sábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, agbọ̀n lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún lókè. Ọsàn ti pọ́n, kò jìnnà sí i rárá, àmọ́ ààlè tí ìyá rẹ̀ so mọ́ ẹ̀ka igi náà ló dojú kọ ọ́ yìí: ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa kan. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó tún nà án sókè. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ẹ̀yin náà, ẹ wá ká a,” ló wí nígbẹ̀yìn.

“Èmi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé èmi ni mo ní kí Màmá so ó?”

Ohun tó ń bí Ọlábánjí nínú jù nìyẹn, nítorí pé òótọ́ ni. Àfọwọ́fà ni. Ẹ gbọ́ ná, kò sí ẹni tó kẹ́ igi ní gbogbo Ajégúnlẹ̀ bí ọkùnrin yìí ṣe kẹ́ ọsàn yẹn. Ìbàdàn ló ti gbé e wá nígbà ogun abẹ́lé. Nítorí omi tó máa ń dá sí àdúgbò náà, ó kó iyẹ̀pẹ̀ jọ gegele kó tó gbìn ín, kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà jẹrà. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló fi ń bọ́ ọ. Bó bá ti wọ́ọ̀fù Àpápá dé, kò tíì ní bọ́ bàtà tí yóò ti gbé omi ọṣẹ, tí yóò máa fọ kòkòrò kúrò lára ewé. Ìyàwó rẹ̀ a ní, “Bẹ́ ẹ bá wẹ̀ fún un tán, ẹ rántí pé ẹ bímọ o.”

Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni igi náà tó so. Inú Ọlábánjí dùn débi pé ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àkọ́so rẹ̀ di ti Olúwa lọ́jọ́ Ìkórè. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọsàn já lóru. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Lọ́jọ́ kan, ó rí èèpo lẹ́nu ọ̀nà Dickson, ayálégbé rẹ̀ tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, ló bá ní kí tọkọtaya náà kó jáde bóṣù bá ti parí.

“Ọ̀gá, àbẹ́ẹ̀gì, ìyàwó mi lóyún,” Dickson bẹ̀ ẹ́.

“Ṣé èmi ni mo fún un lóyún ni?”

Àbí ẹ ò rí ẹnu! Ọ̀sẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú. Ó rojọ́ fún un, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i.” Ìyá àgbà so ààlè. Ó ní ẹni tí òun kò bá yọ̀ǹda fún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ìbáà ṣe ẹni tó ni igi, títí òun yóò fi padà wá tú u. Ló bá wọkọ̀, ó gbalé lọ. Àwọn olè jáwọ́ lóòótọ́, àmọ́ Màmá ti ránṣẹ́ báyìí pé ẹsẹ̀ ń dun òun, ó di ọdún tuntun kí òun tó wá.

Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jiyàn lọ́wọ́ ni Pásítọ̀ Ìyàndá wọlé.

“Bọ̀dá Ọlábánjí, ọsàn dà? Àwọn ìyá ìjọ ti ń to èso.” Bó ṣe gbójú sókè ló rí ààlè. “Ta ló so èyí?”

“Ìyá mi ni, sà.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Bíbélì fún wa! Nǹkan asán ni. Ẹ ká a lórúkọ Jésù.”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ká ọ̀kan fún wa, sà, kí ọkàn wa lè balẹ̀.”

Pásítọ̀ na ọwọ́. Ó wo ìkarahun ìgbín. Ọwọ́ bá padà sápò.

“Igi yín ni,” ló wí. “Kò tọ́ kí n bá onílé ká àkọ́so rẹ̀. Mo ń retí yín láàárọ̀.” Kò tilẹ̀ dúró mu omi tí wọ́n bù fún un.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ìyá Tòkunbọ̀ bú sẹ́rìn-ín, inú sì bí ọkọ rẹ̀ débi pé ó fẹsẹ̀ gbá agbọ̀n.

Ibẹ̀ ni Ebiere, ìyàwó Dickson, bá wọn, tòun ti oyún rẹ̀ gbẹ̀ǹdù. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó na ọwọ́ sábẹ́ àkísà pupa, ó já ọsàn kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

“Yéè!” Ìyá Tòkunbọ̀ lọgun. “Ebiere, ààlè ńkọ́?”

“Màmá ti yọ̀ǹda fún mi kí wọ́n tó lọ, mà. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Wọ́n ní kì í ṣe ilé àwọn ni aboyún yóò ti máa jalè kó tó rí ọsàn mu. Wọ́n ní kí n yéé fi òru ṣe é, kí n máa ká a lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin lẹ kì í sí nílé.”

Ọlábánjí wò ó. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá tọkọtaya náà, níbi tí wọ́n ti di ẹrù sílẹ̀ de ìparí oṣù. Ojú tì í, inú sì tún ń bí i pé ojú ń ti òun. Ó lọ gbé agbọ̀n níbi tó gbá a sí.

“Ebiere, jọ̀ọ́, bá mi ká a kún inú èyí. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni.”

Ebiere fọwọ́ nu ẹnu. “Mo gbọ́, sà. Àmọ́ ká ní a ti kó lọ, ta ni ì bá bá yín ká ti Ọlọ́run?”

Ọlábánjí kọjú sí ilé.

“Dickson!” ló pariwo sínú ilé. “Dickson o! Wá tú ẹrù yẹn, jọ̀ọ́. Ta ló ní kí o dì í ná?”

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ tí okùn ń tú nínú yàrá. Ebiere na ọwọ́ sókè, onílé sì gbé agbọ̀n sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.