Kẹ̀kẹ́ Tó Ní Ọ̀pá Lókè

Àmínát, tí wọ́n jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Kúbúrá pé ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ la igbó kọjá kì í ra kẹ̀kẹ́, egungun kẹ̀kẹ́ ló ń rà. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ọrùn kẹ̀kẹ́ Kúbúrá kán pẹ́kẹ́ lójú ọ̀nà eléruku lẹ́yìn Maikunkele, tí àwọn méjèèjì gbé e tọ jórinjórin abúlé kan lọ. Ọkùnrin náà yọ awò dúdú ojú rẹ̀, ó fi èékánná kan ara kẹ̀kẹ́ náà, ó ní alumíníọ̀mù ni, bí òun bá fi iná òun kàn án, yóò yọ́ bí òrí. Ó rọra dá a padà fún wọn bí ẹni ń dá òkú ẹyẹ padà.

"Irin gidi ni kẹ́ ẹ wá, Àǹtí Kúbúrá," Àmínát wí bí wọ́n ti ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ wá sílé. "Irin tí ẹnikẹ́ni lè bá yín jó níbikíbi. Táyà ṣeé pààrọ̀, bíréèkì ṣeé pààrọ̀. Egungun ló ń gbé èèyàn délé."

Ìdí nìyí tí Kúbúrá fi dúró ní ìsọ̀ Bẹ̀llò tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní àdúgbò Shango láàárọ̀ Sátidé yìí, tó ń wo egungun kẹ̀kẹ́ méjì. Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun àsùbá, òun àti Àmínát àti ọkọ Àmínát yóò gbéra ní Minna. Wọn yóò gba ọ̀nà oko lọ sí apá Bida, wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá Odò Ọya sí Pàtígi, wọn yóò sì ti ibẹ̀ wọ Ìlọrin. Wọ́n ti béèrè ọ̀nà náà lọ́wọ́ awakọ̀, lọ́wọ́ ará abúlé, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja. Kẹ̀kẹ́ Kúbúrá nìkan ló kù. Bí kò bá rí egungun tó lè gba ẹrù rẹ̀ lónìí, kí Bẹ̀llò sì kó táyà, bíréèkì àti ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sára rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò lọ láìsí i.

Minna ni wọ́n bí i sí. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ kọ́ ọ láti máa pè ní ilé. Láti kékeré ló ti ń lọ sílé tó ń bọ̀, inú ọkọ̀ ni, oorun sì ni. Bó bá fi máa lajú, ó ti dé. Tísà ni. Ó máa ń ya Odò Ọya sójú pátákó fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ní Tunga, a fi ṣọ́ọ̀kì fà á kọ́lọkọ̀lọ, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ tẹ etí odò náà rí. Ohun tó wà láàárín ibi tí wọ́n bí i sí àti ibi tó ń pè ní ilé, òun ló fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí.

Yínúsà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bẹ̀llò kó tó dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni. Láti ìgbà tí ọkọ Kúbúrá ti kú ló ti fi ara rẹ̀ ṣe bàbá fún un, kò sì sí ohun tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ rà tí kì í bá a yẹ̀ wò, ìbáà ṣe ìkòkò, ìbáà ṣe fóònù.

"Èyí ni," ó wí, ó nawọ́ sápá ọ̀tún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti parí lọ́wọ́ rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ obìnrin ni. Ọ̀pá rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ láti ọrùn wá sísàlẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín fún ẹni tó wọ aṣọ gígùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún ni. Èkejì jẹ́ ti ọkùnrin: ọ̀pá kan tọ́ gbọọrọ lókè láti ọrùn dé abẹ́ ìjókòó, ọ̀dà rẹ̀ sì ti bó. Irin ni méjèèjì. Bẹ̀llò ti yá wọn ní táyà kí wọ́n lè dán wọn wò.

"Bọ̀dá, tòsì yẹn ńkọ́?"

"Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni mo ti ń wò ó," Yínúsà wí. "Ṣé ìwọ lo máa wá gbé ẹsẹ̀ sókè láàárín Shango bí ẹni ń gun ràkúnmí? Gbogbo ìlú yìí lo kọ́ lọ́mọ, Kúbúrá."

"Ràkúnmí a máa kúnlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gùn ún, Àlàájì," Bẹ̀llò wí. Kò gbójú kúrò lára ṣéènì tó ń fi òróró pa.

"Ta ló bi ọ́?"

"Ba komai, Àlàájì, kò sí nǹkan kan."

Kúbúrá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ìtìjú yìí kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan. Ó wọ sòkòtò sábẹ́ àbáyà rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí obìnrin bá ju ẹsẹ̀ sẹ́yìn kọjá orí ìjókòó, aṣọ rẹ̀ yóò bá ẹsẹ̀ náà lọ. Ó mú ti ọ̀tún.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo ohun tí yóò gbé lọ sí Ìlọrin ló ti kó wá: báàgì méjì tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, gálọ́ọ̀nù omi, àti àgọ́ kékeré kan pẹ̀lú ẹní tó ká jọ tó sì so mọ́ orí káríà. Bẹ̀llò bá a dì í. Kúbúrá fẹsẹ̀ wọ àlàfo kẹ̀kẹ́ náà wẹ́rẹ́, ó jókòó, inú Yínúsà dùn débi pé ó ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ wáàsí.

Ọ̀nà olókùúta kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ náà tó gùn lọ síbi àpáta. Ibẹ̀ ló gbà. Kò tíì lọ jìnnà tí kẹ̀kẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jùdí. Iwájú ń lọ sápá kan, ẹrù ẹ̀yìn ń fà á lọ sápá kejì. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbọ̀n títí ó fi já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì walẹ̀ dúró sínú iyanrìn.

"Ó máa mọ́ ọ lára," Yínúsà wí.

"Ọ̀nà Bida ò ní dúró kó mọ́ mi lára, Bọ̀dá."

Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó fi ọwọ́ kejì di ìjókòó mú, ó lọ́ wọn bí ẹni ń fún aṣọ tó fọ̀. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé gbà fún un. Ó lọ bá èyí tí ọ̀dà rẹ̀ bó, ó lọ́ òun náà. Kò gbà. Ó tún fi agbára kún un. Ńṣe ló dà bíi pé ọ̀pá òkè yẹn ń wò ó.

"Malama, kí n kó ẹrù síbí?" Bẹ̀llò béèrè.

"Kó o síbẹ̀."

Nígbà tí Bẹ̀llò di ẹrù náà tán, Yínúsà dìde. "Ó dáa. Jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń gùn ún hàn ọ́, kó o lè fojú rí ohun tó ò ní lè ṣe." Ó ká apá agbádá rẹ̀. Nígbà ọ̀dọ́, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, kò sì tíì gbàgbé. Ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó sáré díẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ju ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn bí ọmọ ogún ọdún.

Gìgísẹ̀ rẹ̀ bá àgọ́ pàdé. Kẹ̀kẹ́ lọ sápá kan, Yínúsà lọ sápá kejì, fìlà rẹ̀ sì lọ síbi tó wù ú.

"Sannu, ẹ pẹ̀lẹ́, Àlàájì," obìnrin tó ń dín àkàrà kóséè lódìkejì ọ̀nà wí, ó ń fara balẹ̀ wo inú epo rẹ̀. Bẹ̀llò ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Yínúsà jókòó sínú iyanrìn, ó gbọn fìlà. "Ẹrù ta nìyí?"

"Tèmi ni, Bọ̀dá. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Kò jẹ́ kéèyàn gun kẹ̀kẹ́."

"Kò jẹ́ kéèyàn ju ẹsẹ̀ sẹ́yìn ni."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ó gbọ́ ohun tí ó sọ. Bí ẹrù bá ti wà lórí káríà, kò sẹ́ni tó lè ju ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Abdulbasit ọkọ Àmínát, tó ga bí òpó iná, kò ní lè ṣe é lọ́la. Ẹrù kò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sọ́nà jíjìn, iwájú ni yóò ti gbẹ́sẹ̀ kọjá.

Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà nàró. Ó rọra dà á sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó dà á, ó dà á, títí ọ̀pá òkè fi sún mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ kan kọjá orí ọ̀pá náà bí ẹni ń kọjá ìloro, ó sì nà án ró pẹ̀lú ara rẹ̀. Etí àbáyà rẹ̀ kò kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀. Ní gbogbo Shango, kò sí ẹni tó yíjú wò ó.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Kẹ̀kẹ́ náà kò yá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó wúwo, ó sì ń lọ bí akọ màlúù tí kò sẹ́ni tó lè lé e sáré, ṣùgbọ́n ibi tí Kúbúrá bá kọ ojú rẹ̀ sí ló ń lọ. Òkúta gbé e sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn jọ gòkè, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbọ́ bí irin náà ti ń gba ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà sínú ara rẹ̀, tó sì ń fi díẹ̀ péré ránṣẹ́ sí i lọ́wọ́. Itan rẹ̀ ń gbóná. Ibi tó ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kọjá, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó mí, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún mí, títí tí kò fi sí ọ̀nà lókè mọ́, àpáta ló kù àti afẹ́fẹ́.

Minna tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ rẹ̀, páànù lórí páànù. Lẹ́yìn páànù tó gbẹ̀yìn ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pupa àti ewé, ó ń lọ sí ìhà tí Odò Ọya wà. Kúbúrá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ní òun nìkan, ó rẹ́rìn-ín kíkan títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí orí kẹ̀kẹ́ padà, ó jẹ́ kó máa sáré bọ̀ lórí òkúta. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò gbọ̀n.

Yínúsà dúró sáàárín ọ̀nà nísàlẹ̀. Kúbúrá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti ìjókòó mú, ó lọ́ wọn. Ó tún lọ́ wọn.

"Ó le," ó wí.

"Ó le, Bọ̀dá."

"Ṣé kò yẹ kí wọ́n kùn ún ni?"

"Kò sáyè. Ọ̀la là ń lọ."

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni Bẹ̀llò ń tú tí ó ń dì. Yínúsà kò lọ sílé jẹun. Òun ló di táyà mú fún Bẹ̀llò, òróró dúdú sì ta sí apá agbádá rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tí wọ́n pe ìrun aláásárì, tí Bẹ̀llò sì di bóòtù tó kẹ́yìn, Yínúsà dìde, ó wọ bàtà rẹ̀.

Kúbúrá múra sílẹ̀ fún ìwàásù: omi, ejò, àjèjì, ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti máa ń ṣe nìyẹn. Bó bá ti rìn díẹ̀, a yíjú padà, a tún fi ìkìlọ̀ kan kún un.

"Bó o bá délé," Yínúsà wí, "bá mi kí wọn."

Ó ti ń rìn lọ kí ó tó yé Kúbúrá. Ẹni tó dájú pé yóò dé ni à ń fi ìkíni rán. Ó fi ọwọ́ lé orí ọ̀pá náà, ó sì ń wo ẹ̀yìn agbádá yẹn bó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ obìnrin oníkóséè kọjá, tó ń kọjá ojú títì, tó sì wọ kọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí lọ láìbojú wẹ̀yìn.